Ìwé Orúkọ tí Ikán Jẹ Kù

Ìṣọ̀lá bi mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì,
ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là:
"Tíṣà, ìtàn yìí, kí la fẹ́ fi ṣe?
Ẹni tó kú ti kú.
Gbogbo rẹ̀ ṣáà wà lórí fóònù."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́.
Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ìbéèrè yẹn ti lọ́jọ́ lórí ju bàtà ẹsẹ̀ mi lọ.

Mi ò dá a lóhùn.
Mo ní kó bá mi gbé àpótí kan
lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá àgbà,
èyí tí Bàbá Lámídì mẹ́gáàdì fi ń jókòó jẹun.
Ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ló wà nínú rẹ̀.
Ikán ti jẹ ẹ̀yìn, ikán ti jẹ etí,
ó sọ odindi ọdún mẹ́ta di iyẹ̀pẹ̀
bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò wọ kíláàsì láwọn ọdún náà.

Ohun tó ṣẹ́kù, tàdáwà tó ti ṣá:
orúkọ, ọjọ́ orí, agboolé,
ìdí tó fi lọ.

"Àwẹ̀ró kúrò. Owó ilé ìwé kò sí."
"Àlàó kúrò. Àsìkò ìkórè ni."
"Ọlátóròó kúrò. Wọ́n ti fi fún ọkọ."

Ìṣọ̀lá ń kà, ohùn rẹ̀ ń relẹ̀.
Àná òde yìí ni a lé ọmọ mẹ́ta lọ sílé
nítorí owó ẹgbẹ́ òbí.
Àga wọn ṣófo níwájú wa níbẹ̀.
Ṣé mo tún nílò àlàyé ni?

Ó ṣí ojú ewé mìíràn.
Oṣù Kìíní, ọdún 1970:
ọmọ mẹ́tàlélógún ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo,
láti Kùmásí, láti Tàmálè, láti Yẹ́ńdì.
Ìjọba Gánà ti ní kí àlejò máa lọ,
ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fún wọn.
Àwọn ará wa tó ti kọ́lé síbẹ̀, tó ti sìnkú síbẹ̀,
di ẹrù, wọ́n padà wálé,
sí ilé tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ rí.

Tíṣà ìgbà náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.
Níwájú orúkọ kan ló kọ ọ́ sí:
"Mọ́rẹ́nikẹ́ Oyèdòkun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Kò gbọ́ Yorùbá délẹ̀. Wọ́n ń fi ṣẹ̀sín.
Ó ń dá jókòó."

Ìṣọ̀lá fi ìka tẹ ojú ewé náà.
"Ìyá ìyá mi nìyí."
Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Ìdí nìyẹn. Tí wọ́n bá ń ka owó,
báàkó, miénù, miẹ́nsà ni wọ́n ń sọ.
A rò pé ogbó ni."

Mi ò wàásù. Mo kàn wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé,
níbi tí Làdí ń dá jókòó sí,
ọmọ tí òun àti ìyá rẹ̀ sá àwọn ajínigbé wá láti òkè Ọya.
Ọkọ̀ ló ń dúró dè lọ́jọ́ kan,
ahọ́n rẹ̀ yọ̀, ó ní ọkọ ni òun ń dúró dè.
Ìṣọ̀lá ló kọ́kọ́ pè é ní Ìyàwó.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Mo rí ọmọdé tó wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà,
ojú rẹ̀ sì kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Aago lù. Wọ́n túká.

Lọ́jọ́ Ajé, kò tọrọ àforíjì;
ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni.
Ó kàn gbé àga rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé:
"Báwo lẹ ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ́dọ̀ yín?"
Làdí wò ó títí, bóyá ẹ̀sín tún ni.
"Dáyà," ló wí. Ó dúró. "Bíyú."

Mo ṣí ìwé orúkọ ti ọdún yìí,
mo wá ibi tí mo kọ ọ́ sí.
Mo mú bírò dání.
Mi ò tíì mọ ohun tí màá kọ síwájú rẹ̀.